Ẹ Bi Wá: “Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Jámánì, orúkọ ìyá ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀”

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà tí mo kà á tán, ńṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀ tí mo lọ bu omi mu. Iléṣà ló ti wá. Bí mo ṣe ń wá ìdáhùn ẹ̀ kiri ni mo rántí pé méjì mìíràn ti wà nílẹ̀ tó fara pẹ́ ẹ, ọ̀kan láti Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan láti Iléṣà náà, ni mo bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Orúkọ tó lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni, a ti yọ ọ́, ẹ má dà mí láàmú pé ta ni.

*

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bàbá wa ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, ẹni ọdún 84 ni wọ́n. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ni mo rí páálí bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé bàtà ló wà níbẹ̀, àṣé ìwé ni. Fótò kan wà nínú ẹ̀, òyìnbóbìnrin gbé ọmọkùnrin kékeré dání, ọmọ yẹn ò funfun tán, irun orí ẹ̀ sì ká gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Wọ́n kọ “Leipzig, Weihnachten 1969” sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà, wọ́n wá kọ Schneider. A mọ̀ pé bàbá wà ní Jámánì láti 1964 sí 1970, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ òtútù ibẹ̀ fún wa dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ ọmọ kankan rí. Àbúrò bàbá wa tó ṣẹ́kù ló wá jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni, pé 1968 ni wọ́n bí i, pé ìyá ẹ̀ kọ lẹ́tà títí, ìgbà tí bàbá gbé màmá wa níyàwó ni lẹ́tà dáwọ́ dúró.

Mo tẹ Schneider sórí Facebook, wọ́n tú jáde bí eéṣú. Mo kọ̀wé sí èèyàn bí ogójì, ẹni méjì ló dáhùn, ọ̀kan ní kí n yéé yọ òun lẹ́nu, èkejì bílọ́ọ̀kì mi. Ọ̀gbẹ́ni kan níbẹ̀ ló wá ní òun á bá mi wá a, kí n san ₦150,000. Màmá wa ṣì wà láyé o, mi ò tíì sọ fún wọn pé mo rí fótò. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?
— Ọmọ Òṣómàáló, Iléṣà

Àbúrò mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ọjọ́ ìbí ló máa kọ́kọ́ bèèrè kó tó dárúkọ owó. Ṣé ó bèèrè ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ yín? Ẹ ò sọ pé ó bèèrè. Ó parí nìyẹn.

Ká wá sórí orúkọ. Schneider tí ẹ rí yẹn, télọ̀ ni ìtumọ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ Jámánì fi ń jẹ́ orúkọ láti ayébáyé, bí àwọn tiwa náà ṣe ń jẹ́ Àyàn torí ìlù tàbí Ọdẹ torí igbó. Müller ni ẹni tó ń lọ ọkà, Schmidt ni alágbẹ̀dẹ, Fischer apẹja, Weber ẹni tó ń hunṣọ, Zimmermann káfíńtà. Ìlú wo ni ò ní télọ̀? Ìdí tó fi pọ̀ nìyẹn: Müller ló pọ̀ jù, Schmidt tẹ̀lé e, Schneider tiyín yìí ló ṣìkẹta ní gbogbo Jámánì. Kéèyàn máa wá Schneider lórí Facebook dà bíi kó dúró láàárín ọjà Àtàkúmọ̀sà kó pariwo “Ìyá Bọ́sẹ̀!” Ọgọ́rùn-ún ló máa bojú wẹ̀yìn, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ tiyín.

Bí àlejò bá wọ Iléṣà tó ní Ògúnlẹ́yẹ lòun ń wá, kí lẹ máa bi í? Ẹ máa bi í pé ti agboolé wo, ti àdúgbò wo. Jámánì náà ò yàtọ̀. Kò sí ìwé ńlá kan ní olú-ìlú wọn tí wọ́n kó gbogbo èèyàn sí, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú ìwé àwọn ọmọ ẹ̀. Ẹni tó ní orúkọ tí kò ní ìlú, kò tíì ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ní ìlú! Leipzig ló wà lẹ́yìn fótò yẹn, Weihnachten yẹn Kérésìmesì ni, ẹ ti ní ọdún ìbí látẹnu àbúrò bàbá, ẹ sì ní orúkọ ọmọ. Ìyẹn tóbi ju Schneider nìkan lọ. Ó kù kí ẹ tún páálí bàtà yẹn tú, ẹ má ju ẹ́nfílóòpù kankan nù, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ayafótò tẹ sítáńpù sẹ́yìn fótò, torí wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ bá rí, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́ tí ẹ ò bá rí i lórí máàpù òní. Jámánì Ìlà-Oòrùn ni Leipzig wà nígbà yẹn, àwọn tí Rọ́ṣíà wà lẹ́yìn wọn, 1949 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 1990 ló sì wọlé pọ̀ mọ́ Jámánì kejì. Nígbà tó wọlé, wọ́n pa orúkọ àdúgbò àti títì rẹpẹtẹ dà. Karl-Marx-Platz tó wà láàárín ìlú Leipzig padà di Augustusplatz, odindi ìlú tí wọ́n ń pè ní Karl-Marx-Stadt padà di Chemnitz. Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ wọn náà, 1993 ni wọ́n yí i sí oní-nọ́ńbà márùn-ún, èyí tó wà lórí ẹ́nfílóòpù bàbá ò ní bá tòní mu.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ ibi tí ìwé wà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1876 ni ìjọba ti ń fúnra ẹ̀ kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ jákèjádò Jámánì, ọ́fíìsì tó ń ṣe é nílùú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Standesamt. Ẹ máa kọ̀wé sí Standesamt ìlú Leipzig. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ìbí, ọdún 110 gbọ́dọ̀ kọjá lórí ẹ̀ kí ẹni tó bá wù tó lè rí i, ti ìgbéyàwó ọdún 80, ti ikú ọdún 30. Ọmọ 1968, ẹ fi 110 lé e, ó di 2078. Nígbà yẹn èmi pẹ̀lú ẹ̀yin á ti lọ bá bàbá. Àmọ́ òfin wọn fi fèrèsé kan sílẹ̀: òbí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó ni ìwé lè bèèrè fún un, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ náà sì lè bèèrè tó bá ti lè fi hàn pé òun ní ìdí tó tọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìdí tó tọ́ yẹn ni berechtigtes Interesse, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ má tún un kọ. Ẹ fi ìwé ẹ̀rí ikú bàbá sí i, ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí tiyín tó ní orúkọ bàbá sí i, ẹ fi ẹ̀dà fótò náà sí i, tojú tẹ̀yìn. Fótò gangan ò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Ibi tó lè le níbẹ̀ rèé. Wọn ò gbé ara wọn níyàwó, torí ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń jẹ́ orúkọ ìyá ẹ̀. Tí bàbá bá lọ sí ọ́fíìsì nígbà náà tí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn ló bí i, orúkọ wọn á wà nínú ìwé, ọ̀nà yín là. Tí wọn ò bá lọ, àyè yẹn á ṣófo, Standesamt lè ní àwọn ò rí ohun tó so yín pọ̀, kì í ṣe pé wọ́n burú, ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba ibi yunifásítì. Karl-Marx-Universität lẹ máa rí lórí sátífíkéètì bàbá tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, Universität Leipzig ni wọ́n ń pè é báyìí, wọ́n ní ilé ìwé-ìpamọ́ tiwọn, fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bàbá kọ́kọ́ kọ́ èdè ní Herder-Institut, Leipzig náà ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ kọ́ èdè Jámánì kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Fáìlì bẹ́ẹ̀ lè ní àdírẹ́ẹ̀sì ilé tí bàbá gbé nínú. Lẹ́tà tẹ́lẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀rẹ́bìnrin, ohun tó bá so orúkọ méjèèjì pọ̀, ẹ kó o jọ.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ó lè máà jẹ́ Schneider mọ́. Ìyá ẹ̀ lè ti lọ́kọ lẹ́yìn tí lẹ́tà dáwọ́ dúró, ó dájú pé ẹ̀yin náà á lọ́kọ tó bá jẹ́ ẹ̀yin. Láti 1966 ni òfin Jámánì Ìlà-Oòrùn ti gbà kí tọkọtaya yan orúkọ ọkọ tàbí ti ìyàwó, orúkọ ọkọ ni ọ̀pọ̀ ń mú, ọmọ tí ìyá gbé wọlé sì lè gba orúkọ ọkọ tuntun. Òun fúnra ẹ̀ nígbà tó gbéyàwó, ó lè mú orúkọ ìyàwó ẹ̀, ọkùnrin ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé Schmidt tàbí Lehmann ló ń jẹ́ báyìí tí ẹ̀yin ń dà àwọn Schneider láàmú lójoojúmọ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo ọjọ́ ìbí nìyẹn. Orúkọ lè yí, ọjọ́ ìbí ò lè yí.

Tí ẹ bá ti mọ orúkọ tó ń jẹ́ báyìí pẹ̀lú ọjọ́ ìbí ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dandan ni fún gbogbo ẹni tó ń gbé Jámánì kó lọ fi orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú ẹ̀, tó bá kó lọ síbòmíràn ó gbọ́dọ̀ tún lọ fi tibẹ̀ sílẹ̀. Einwohnermeldeamt ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì yẹn. Ẹ lè kọ̀wé sí wọn pé ẹ fẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì lágbájá, ẹ máa san owó díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó fún wọn, àfi kí ẹ fi ọjọ́ ìbí tàbí àdírẹ́ẹ̀sì tó ti gbé rí kún un kó lè dá wọn lójú pé ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń wá. Ẹ rí i báyìí, gbogbo ọ̀nà ló padà sí páálí bàtà.

Lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí òun gangan tí ẹ bá rí i ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ fojú inú wò ó: òyìnbó kan tó ti lé ní ẹni ọdún 55 jókòó sílé ẹ̀, lẹ́tà wọlé láti Nàìjíríà, “Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, bàbá wa ti kú, wọ́n fi ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀...” Kò ní kà á dé ìlà kẹta tó máa fi pariwo 419! Mi ò bú yín, òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ má dárúkọ ogún, ẹ má dárúkọ ilẹ̀, ẹ má dárúkọ owó rárá, àní ẹ má dárúkọ àìsàn tó pa bàbá. Ẹ fi ẹ̀dà fótò ránṣẹ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i, ẹ sọ orúkọ bàbá àti ọdún tí wọ́n wà ní Leipzig, ẹ ní ẹ ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ ju kó mọ̀ pé ẹ wà láyé. Kó kúrú. Kó jẹ́ èdè Jámánì. Ilé-Ifẹ̀ ò jìnnà sí yín, wọ́n ń kọ́ èdè Jámánì ní OAU, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kó bá yín kọ ọ́, kò ní gba ₦150,000 lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ atúmọ̀ orí fóònù náà ń ṣe é, àmọ́ fún irú lẹ́tà yìí, èèyàn ni kí ẹ lò.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbé ọmọ náà fún ẹlòmíràn gbà tọ́ ní ìlànà òfin, ìwé yẹn ti wà ní títì pa, òun fúnra ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún 16, àwọn tó gbà á tọ́ náà lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe níbẹ̀ ò ju kí ẹ bẹ ọ́fíìsì tó wà nídìí ìgbàtọ́ pé kí wọ́n bá yín fi lẹ́tà jíṣẹ́. Ọmọ Òṣómàáló lẹ pe ara yín, ẹ mọ bí àwọn bàbá yín ṣe ń gba owó aṣọ: ẹ lóṣòó tì wọ́n. Tí oṣù méjì bá kọjá tí Leipzig ò dáhùn, ẹ tún kọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ ò bi mí nípa màmá, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ wọn, ìyẹn jọ ìbéèrè létí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kí lẹ́tà ilẹ̀ òkèèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí àbúrò bàbá sì wà níbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù jù. Obìnrin tó bá ọkùnrin gbé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ẹ rò pé kò mọ̀ pé páálí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń gbá abẹ́ ẹ̀ ní àràárọ̀?

*

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ìrìbọmi tí wọ́n kó jọ nínú ilé wa, orúkọ tí bàbá tó bí bàbá bàbá mi ń jẹ́ parí sí “-mann”, orúkọ Jámánì pọ́ńbélé. Bàbá bàbá mi ló padà mú orúkọ Yorùbá. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé òyìnbó Jámánì ló bí wa, kí a lọ gba pásípọ́ọ̀tù. Ṣé ó ṣeé ṣe?
— Ẹni tó ń bèèrè, Ìrẹ̀mọ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ ná. Orúkọ òyìnbó nílẹ̀ Yorùbá kì í sábà jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ìrìbọmi ló ń mú un wá.

Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, Freetown ní Sàró ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n ń rì wọ́n bọmi níbẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn lórúkọ òyìnbó. Àjàyí tiwa, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n fún un lọ́jọ́ ìrìbọmi ní 1825, ló fi di Samuel Crowther, kò sí ẹni tó máa sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló bí i. Ibi tí Jámánì ti wọ̀ ọ́ wá ni pé ẹgbẹ́ CMS tó rán míṣọ́nnárì jáde, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò tètè yọjú níbẹ̀rẹ̀, àwọn Jámánì ló ń lọ. Méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n rán sí Sàró ní 1804, Renner àti Hartwig, Jámánì làwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀sìn dé ọ̀dọ̀ wa náà, Gollmer tó wọ Badagry ní 1845, Hinderer tó kó lọ sí Ìbàdàn ní 1853, Mann tó wà ní Ìjàyè kí ogun tó tú u, ará Württemberg nílẹ̀ Jámánì ni gbogbo wọn. Ẹ rí Mann níbẹ̀? Mi ò sọ pé tiyín nìyẹn o, orúkọ tó parí sí “-mann” ò níye.

Ẹ wo ẹ̀bá yín níbí, ní Iléṣà. Haastrup, ta ni ò mọ ìdílé Haastrup? Ọmọ Ọwá ni, wọ́n tà á lẹ́rú ní kékeré, ó gba òmìnira, ó gba Sàró dé Èkó pẹ̀lú orúkọ yẹn lára, ó padà wá jẹ Ọwá ní 1896, òun ni Ajimoko kìíní. Haastrup kejì tún jẹ ní 1942. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n látòkè délẹ̀. Èèyàn á sì gbọ́ Haastrup kó ní Jámánì ni, bẹ́ẹ̀ Denmark ni, abúlé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní. Ìyẹn náà ẹ̀kọ́ ni fún àwọn ẹbí yín tó ń fi etí gbọ́ “Jámánì”.

Nítorí náà, ẹ padà sí ìwé ìrìbọmi yẹn, ẹ má wo orúkọ bàbá àgbà nìkan. Ẹ wo ẹni tó rì wọ́n bọmi, ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ wá wo àwọn tí wọ́n jọ rì bọmi lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá rí ẹni mẹ́ta tí wọn ò bára tan tí gbogbo wọn gba orúkọ míṣọ́nnárì tàbí ti ẹni tó ń ran míṣọ́nnárì lọ́wọ́, ìdáhùn yín ti jáde. Ilé ìwé-ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà UI, ìwé àwọn CMS wà níbẹ̀, èyí tó kù wà ní Yunifásítì Birmingham. Tó bá tún jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹbí ń jà lé lórí, kí ẹnì kan ṣe àyẹ̀wò DNA. Tí bàbá tó bí bàbá bàbá yín bá jẹ́ òyìnbó gidi, bíi 12 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ yín ló yẹ kó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá, ìyẹn ò lè fara pamọ́. Tó bá jẹ́ òfo, ẹ ti mọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo Jámánì tó wọ Ifẹ̀ ló wá bímọ. Frobenius, ọ̀mọ̀wé Jámánì tó ń ṣèwádìí àṣà ilẹ̀ Áfíríkà, dé ní 1910, èyí tó wá kó ló wá kó, wọ́n rí orí Olókun gbà padà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣùgbọ́n Berlin ni àwọn orí amọ̀ tó kó lọ wà.

*

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọmọ mi obìnrin fẹ́ ọmọ Austria, Vienna ni wọ́n ń gbé, mo ti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ mọ àwọn àna mi, kí n mọ oríkì wọn kí n lè máa ki àwọn ọmọ-ọmọ mi ní tibẹ̀ náà, kí wọ́n má lọ máa gbọ́ ti Ìjẹ̀ṣà nìkan. Ìyá ọkọ ọmọ mi fi fótò ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní orúkọ bàbá bàbá òun wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí, ńṣe ló dà bíi pé adìyẹ tẹ yíǹkì tó wá rìn kọjá lórí ìwé. Orúkọ wọn ní àmì tóótòòtó méjì lórí u, ọmọ mi ò sì kọ àmì yẹn, ó fi e sí i.
— Ìyá Àgbà, Iléṣà

Mọ̀mí, ẹ ṣeun, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ yín ò ṣe àṣìṣe. Tóótòòtó méjì yẹn, tí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, e ni wọ́n ń fi rọ́pò ẹ̀, Müller á di Mueller. Àwọn tó kó lọ sí Amẹ́ríkà tún jù ú nù pátápátá, ó di Muller, ó di Miller. Ti Meyer ló burú jù, ẹ máa rí Maier, Meier, Mayer, gbogbo ẹ̀ sì jọra létí. Tí ẹ bá ń wá àwọn àna, ẹ wá gbogbo bí etí ṣe lè gbọ́ ọ, ẹ rántí pé W lẹ́nu wọn V ni, V lẹ́nu wọn F ni nígbà púpọ̀, “sch” ni ṣ tiwa. Wagner kì í ṣe Wagna, Vágnà ni.

Ìrìn adìyẹ tí ẹ rí yẹn, Kurrent ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kọ̀wé ní ayé àtijọ́ nìyẹn, 1941 ni wọ́n ní kí àwọn ilé ìwé dá a dúró. Ọmọ wọn òde òní pàápàá ò lè kà á, ẹ má rò pé ojú ló ń dùn yín. Ohun tó dára nínú ọ̀rọ̀ tiyín ni pé ní Austria, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ títí di 1938, wọ́n sì ti ya fótò ìwé Kátólíìkì rẹpẹtẹ sórí ìkànnì kan tó ń jẹ́ Matricula, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bi àna yín pé ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wo, ọdún wo, kí ọmọ yín bá yín ṣí i.

Oríkì o, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ìwé yẹn ò ju “lágbájá, àgbẹ̀, nọ́ńbà ilé báyìí, ó fẹ́ làkáṣègbè” lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ilé wà níbẹ̀, orúkọ ìyá wà níbẹ̀, akéwì ni yín, ẹ mú un níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Bauer ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, Ìjẹ̀ṣà wo ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọmọ àgbẹ̀?

Mo tún fẹjú wo fótò tí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú orúkọ bàbá àgbà yẹn, lẹ́tà kejì tó dà bí n, kì í ṣe n. Bí wọ́n ṣe ń kọ e nígbà yẹn nìyẹn.